Ẹ Béèrè Ọ̀nà: Àká àwọn Inca tó wà lára òkè Pinkuylluna

Ìbéèrè

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkéré-Èkìtì ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹni ọdún 34. Wọ́n pè mí sí ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ìlera kan ní Lima, olú-ìlú Perú, lóṣù Kẹjọ tó ń bọ̀. Físà ti jáde. Lẹ́yìn ìpàdé náà, ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù fún mi kí n tó padà wálé. Láti kékeré ló ti ń wù mí kí n fojú ara mi rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Inca, àwọn tó jọba ní Perú kí àwọn ará Sípéènì tó dé, àmọ́ wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì Machu Picchu, ìlú àtijọ́ wọn tó lókìkí, ti tán fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ṣé ibòmíràn wà tí kò ní gba ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, tí mo lè fi ẹsẹ̀ ara mi gùn, tí kò sì ní gbọ́n owó ọwọ́ mi dànù? Òkè kì í bà mí lẹ́rù, mo ti gun Olósùnta kọjá òǹkà. — Ọmọ Ìkéré

Ìdáhùn

Ọmọ mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, má jẹ́ kó bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Èmi ti dé Machu Picchu, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún mi lónìí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní láti lò ní Perú, Ollantaytambo ni màá lọ. Màá gun òkè Pinkuylluna, màá sì jókòó lẹ́nu fèrèsé àká tó wà lára òkè náà.

Ìlú kékeré ni Ollantaytambo, nínú àfonífojì odò Urubamba, láàárín Cusco àti Machu Picchu. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Machu Picchu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sáré gba inú ìlú náà kọjá láìgbójú sókè. Òkè méjì ló fi ìlú náà sáàárín. Lápá kan ni tẹ́ńpìlì ńlá wà, pẹ̀lú ilẹ̀ oko tí wọ́n gé sára òkè ní pele-pele bí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń já èrò sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba owó ìwọlé. Lápá kejì ni Pinkuylluna, òkè kan tó dúró ṣánṣán bí ògiri. Pinkuyllu ni orúkọ fèrè kan lédè Quechua, èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ṣì ń sọ títí dòní. Bí o bá dúró sí gbàgede ìlú tí o gbé ojú sókè, wàá rí àwọn ilé òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní òrùlé mọ́, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpáta bí ìtẹ́ agbọ́n. Àká ni wọ́n. Qollqa ni àwọn Inca ń pè é. Láti ìsàlẹ̀ dé ibẹ̀, ẹni tó ń rọra rìn kò ní lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lọ, nígbà tí mo sì lọ, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ti òkè, jẹ́ kí n sọ ti ara rẹ fún ọ, nítorí ibẹ̀ ni èmi ti ṣe àṣìṣe.

Oṣù Keje ọdún 2018 ni mo lọ. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní Lima nígbà náà, òun ló sanwó ọkọ̀. Etí òkun ni Lima wà. Cusco, níbi tí ọkọ̀ òfúrufú máa já ọ sí, wà ní nǹkan bíi mítà 3,400 sókè. Adó-Èkìtì tiwa níbí, tí a ń pe ara wa ní ará òkè, kò tó mítà 500. Ọ́síjìn tó máa wọ àyà rẹ nínú èémí kan ní Cusco, bí ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta ti Lima ni. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, mo mọ gbogbo èyí lórí pátákó ìkọ̀wé. Síbẹ̀, ọ̀sán ọjọ́ tí a dé gan-an ni a háyà ọkọ̀ lọ sí Ollantaytambo, tí mo sì ní kí a máa gun òkè lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Níbi ìyípo kẹta ni òòyì gbé mi. Orí ń lù mí bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán nínú rẹ̀. Mo ń mí gúlegúle, èébì sì gbé mi. Ọmọ mi dì mí mú, a jókòó sórí òkúta, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú àwa méjèèjì. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ó pọn ẹrù koríko sẹ́yìn nínú aṣọ aláràbarà. Ó wò mí lójú, ó yọ ewé díẹ̀ nínú àpò, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á, ó sì na ọwọ́ náà sí mi nímú. Ewé yẹn ta sánsán bí efinrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́yìnkùlé. Muña ni wọ́n ń pè é. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi, àmọ́ mo gbọ́ ohun tó ń sọ: kí n padà sílẹ̀. Mo padà. Ọjọ́ méjì ni mo fi sinmi kí n tó tún gbìyànjú.

Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ rẹ bá ti kan ilẹ̀ ní Cusco, má sùn síbẹ̀ rárá. Wọ ọkọ̀ lọ sí Ollantaytambo lọ́jọ́ yẹn, ibẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 600 relẹ̀ ju Cusco lọ, orun rẹ á dára. Bọ́ọ̀sì kéékèèké wà tí wọ́n ń pè ní colectivo, kì í gbéra títí yóò fi kún, gẹ́gẹ́ bíi ti gáréèjì wa. Bíi wákàtí méjì ni ìrìn náà. Tí o bá débẹ̀, jókòó. Mu omi dáadáa, jẹ oúnjẹ tí kò wúwo, má fẹnu kan ọtí. Lọ́jọ́ kejì, máa rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú nínú ìlú àtijọ́. Wàá rí i pé àwọn ènìyàn ṣì ń gbé nínú agbo-ilé tí àwọn Inca kọ́, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n ń gbá ojúlé, omi sì ń ṣàn gbuurugbu nínú gọ́tà òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó mọ́ débi pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn. Òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ni kí o gun òkè. Lọ́jọ́ kẹrin, padà sí Cusco kí o wọkọ̀ òfúrufú rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o fetí sí gan-an, bí o tilẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kí ni jẹ́nótáìpù rẹ? Ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ fún àlejò kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà á, nítorí kì í ṣe ìṣòro wọn. Tiwa ni. Ẹni tó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ gun irú ibi gíga bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ti gbà á láyè, torí àìtó ọ́síjìn lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. AS pàápàá, tí a máa ń sọ pé kò ní nǹkan kan, wọ́n ti rí lára wọn tí ọlọ inú ń bàjẹ́ lójijì ní ibi gíga, tí ìrora ńlá á sì gbé ìhà òsì. Kì í ṣe gbogbo AS, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀. Bí o bá jẹ́ AS, rọra lọ, mu omi, bí ìhà òsì rẹ bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́, má pè é ní ìdọ̀tí inú. Sọ̀ kalẹ̀, kí o lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn kan wà, acetazolamide, tí àwọn dókítà máa ń fún ènìyàn kí ara lè tètè mọ́ òkè. Béèrè nípa rẹ̀ níbi iṣẹ́ rẹ kí o tó kúrò nílé.

Nílé ìtura wọn á gbé tíì ewé koka fún ọ. Èmi mu ún, kò ṣe mí ní nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó kà á sí ohun burúkú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé yẹn náà ni wọ́n ń yọ kokéènì lára rẹ̀. Ó lè hàn nínú ìtọ̀ bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò oògùn fún ọ níbi iṣẹ́, bí o bá sì gbé páálí rẹ̀ kan ṣoṣo wọ Murtala Muhammed, ọwọ́ NDLEA ni wàá bọ́ sí. Má ra á wálé fún ẹnikẹ́ni.

Ó yá, òkè wá kàn. Òwúrọ̀ kùtù ni kí o bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn Pinkuylluna ni oòrùn ti ń yọ, nítorí náà inú òjìji ni wàá máa gùn, tẹ́ńpìlì tó wà ní òdìkejì á sì máa tàn yòò níwájú rẹ. Àtẹ̀gùn òkúta ni ọ̀nà náà, òmíràn kò ga ju ìbú ọwọ́ lọ, òmíràn á dé orúnkún. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò sí ohun tí o lè dì mú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́nà kan, Olósùnta yóò ràn ọ́ lọ́wọ́, torí o ti mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. Sísọ̀ kalẹ̀ ló le ju gígùn lọ. Bàtà tó di ilẹ̀ mú ni kí o wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà. Bí òjò bá rọ̀, má gùn ún. Àmọ́ oṣù Kẹjọ jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn níbẹ̀, ojú ọ̀run á mọ́. Òtútù òru ju ti ọyẹ́ wa lọ, mú aṣọ tó nípọn dání, kí o sì mú fìlà tó ní ìgbátí nítorí oòrùn ọ̀sán.

Nígbà tí mo dé àká náà lọ́jọ́ kẹta, ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ki ọwọ́ mi bọ fèrèsé kan. Ògiri náà nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí apá mi fi wọlé kọjá ìgúnpá kí ìka mi tó kan òfìfo inú ilé. Kì í ṣe òkúta gbígbẹ́ tó dán, irú èyí tí wọ́n máa ń yà ní fọ́tò, tí abẹ́rẹ́ kò lè gba àárín wọn. Òkúta lásán ni, ńlá àti kékeré, bí wọ́n ṣe ṣà á nílẹ̀, amọ̀ ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́. Mo tẹjú mọ́ amọ̀ náà. Fọ́nrán koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀, ó yọ sóde bí irun imú, lẹ́yìn àìmọye ọdún. Mo fi èékánná kàn án pẹ́lẹ́, kò jẹ́ já.

Nígbà yẹn ni afẹ́fẹ́ dé. Ó ti ẹ̀yìn òkè wá, ó gba fèrèsé òkè wọlé, ó gba fèrèsé ìsàlẹ̀ jáde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìborùn lọ́rùn mi. Nínú ìlú nísàlẹ̀, ewé kan kò mì. Mo wá lóye ìdí tí wọ́n fi gbé oúnjẹ gun orí àpáta. Òtútù wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ kì í dáwọ́ dúró, omi òjò kì í sì dúró sídìí ògiri. Fèrèsé tó wà lápá òkè ni wọ́n ń da oúnjẹ sí, tìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o jáde, nítorí náà èyí tó pẹ́ jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ jẹ. 

Ọmọ mi, mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún díẹ̀. Àká iṣu ìyá mi àgbà ní Ìjerò ni mo rí. O lè má bá irú rẹ̀ láyé: igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lóròóró, tí wọ́n fi okùn so iṣu mọ́ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dókè, tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bo orí rẹ̀ kí oòrùn má baà pa á, tí àlàfo sì wà láàárín iṣu kan sí èkejì. Bí a bá kó iṣu jọ gègèrè nílẹ̀ lọ́mọdé, ìyá mi àgbà á pariwo mọ́ wa: "Ẹ má fún un lọ́rùn, iṣu ń mí!" Ẹni tó kọ́ àká Pinkuylluna mọ̀ pé oúnjẹ ń mí.

Àgbàdo wà nínú àwọn àká Inca, quinoa, ọkà wóró kéékèèké kan tí wọ́n ń jẹ lórí òkè yẹn, wà níbẹ̀, aṣọ àti ohun ìjà pàápàá wà nínú òmíràn. Ọ̀dùnkún òyìnbó, tí orísun rẹ̀ jẹ́ àwọn òkè Andes yẹn gan-an, wọ́n máa ń tẹ́ ẹ síta kí ìrì dídì òru gan án, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ omi rẹ̀ jáde, oòrùn ọ̀sán á sì gbẹ ẹ́ títí yóò fi le koránkorán. Chuño ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbàjẹ́. Mo jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀ ní ọjà. Òórùn iṣu gbígbẹ tí a fẹ́ lọ̀ sí èlùbọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi nímú.

Bí mo bá wà ní kíláàsì, màá kọ èyí sórí pátákó: ní Huánuco Pampa, ìlú Inca mìíràn ní Perú, àwọn àká tí wọ́n kà lára òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500. Ní Cotapachi, ní Bolivia òde òní, wọ́n tó 2,400. Ìjọba ló kọ́ wọn, àwọn ará ìlú ló sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mit'a ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà: ìdílé kọ̀ọ̀kan á yọ̀ǹda ọwọ́ fún ọba fún ìgbà kan lọ́dún, ọba á sì bọ́ wọn títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ọ̀wẹ̀ ni ọkàn mi kọ́kọ́ sáré lọ bá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀wẹ̀ tiwa kò ní ipá nínú, tiwọn sì ní. Inú àká ni oúnjẹ ọmọ ogun ti ń wá, àti ti òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà, àti ti ìlú tí òjò bá dà.

Ọba Pachacuti, tó jọba láàárín ọ̀rúndún karùn-ún-dín-lógún, ló gba ilẹ̀ Ollantaytambo tó sì kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì ti gba Cusco, Manco Inca, ọba àwọn Inca nígbà náà, ṣọ̀tẹ̀ sí wọn lọ́dún 1536, ó sì fi Ollantaytambo ṣe odi. Lọ́dún 1537, Hernando Pizarro, balógun àwọn ará Sípéènì, kó ẹlẹ́ṣin lọ bá a níbẹ̀. Àwọn Inca ń ju òkúta àti ọfà láti orí ilẹ̀ pele-pele, wọ́n tú omi odò sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹṣin rì sínú ẹrẹ̀, àwọn ará Sípéènì sì sá padà. Ẹni tó bá ní ìtàn Kírìjì nílé, tó mọ ohun tí òkè Òkèmèsí ṣe fún àwọn Èkìtì Parapọ̀, kò ní bi mí ìdí tí mo fi dúró pẹ́ lórí Pinkuylluna tí mo ń wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn. Manco kò pẹ́ níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wọ inú igbó Vilcabamba lọ.

Bí owó bá gbà, gun apá tẹ́ńpìlì náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Tíkẹ́ẹ̀tì àlejò tó kó ọ̀pọ̀ ibi Cusco pọ̀ jẹ́ 130 sol, owó Perú, nígbà tí mo lọ. Òkúta mẹ́fà ńláńlá wà lókè ibẹ̀ tí wọ́n tò bí ilẹ̀kùn ọ̀run. Òdìkejì odò ni wọ́n ti gbé wọn wá, láìní ẹ̀rọ, láìní irin, láìní kẹ̀kẹ́. Ó yẹ kí o rí i. Ṣùgbọ́n bí àyè bá gba ọ̀kan ṣoṣo, àká ni kí o yàn.

Kò sí ọkọ̀ òfúrufú tó ń ti Èkó lọ sí Lima tààrà, nítorí náà wò ó bóyá orílẹ̀-èdè tí o máa yà sí ń béèrè físà ìrékọjá. Mú káàdì ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ rẹ dání.

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àtijọ́. Ẹni ọdún 61 ni mí, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń lo oògùn rẹ̀. Àwọn ọmọ mi ní Amẹ́ríkà fẹ́ mú mi lọ sí Perú fún ìsinmi lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé kí n lọ? — Fẹ̀yìntì ní Ẹ̀fọ̀n-Alààyè

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú oríire ọmọ o. Ẹ ti gbé ìbéèrè yín dé iwájú ẹni tó ń tọ́jú yín kí ẹ tó gbé e wá síwájú mi? Bí ẹ kò bá tíì ṣe é, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ìfúnpá máa ń lọ sókè díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá dé ibi gíga, nítorí náà dókítà ló máa sọ bóyá tiyín dúró déédéé tó. Bí ó bá gbà yín láyè, ẹ jẹ́ kí oògùn yín wà nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀, torí àpótí máa ń sọnù. Ẹ mú ti ọjọ́ mẹ́wàá lé. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ kò ní sùn ní Cusco lálẹ́ àkọ́kọ́.

Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtìjú mú yín gun òkè. Ẹ jókòó ní gbàgede Ollantaytambo pẹ̀lú ife tíì gbígbóná, ẹ óò rí gbogbo àká náà kedere láti ìsàlẹ̀. Lára àpáta òkè yẹn kan náà, ojú ènìyàn kan wà tó tóbi, tó fajú ro, tó ní irùngbọ̀n. Tunupa ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ìsàlẹ̀ ni a ti ń rí i jù.

Ìbéèrè

Ẹ káàsán mà. Ọmọ SS2 ni mí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Olùkọ́ wa sọ pé àwọn Inca kò mọ ìwé kọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye àgbàdo tó wà nínú àwọn àká tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn

Ọmọ dáadáa, irú ìbéèrè tó ń mú inú mi dùn nìyí. Okùn ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á na okùn nínípọn kan, wọ́n á so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀ rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á sì ta kókó sí wọn. Khipu ni orúkọ rẹ̀, khipukamayuq sì ni ẹni tí wọ́n kọ́ láti máa ta á àti láti máa kà á.

Wá okùn kan nísinsìnyí kí a jọ ṣe é. Ká ní iṣu 243 ló wà nínú àká bàbá rẹ. Ní òkè okùn, ta kókó méjì: igba nìyẹn. Fi àyè sílẹ̀, ta kókó mẹ́rin sí àárín: ogójì. Fi àyè sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kókó kan ṣoṣo ni wàá ta, àmọ́ yí okùn náà ká lẹ́ẹ̀mẹta nínú rẹ̀ kí o tó fà á le: ẹ̀ta. Bí ó bá jẹ́ 203 ni, àárín á ṣófo, àyè òfìfo yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé kò sí. Ẹni tó tú àṣírí ètò yìí fún àwa ọmọ ẹ̀yìn ni Leland Locke, ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1912.

Má gbà pé ẹni tí kò kọ ọ́ sórí pépà kò mọ nǹkan kan. Àwọn bàbá wa ń fi àrokò ránṣẹ́. Ẹyọ owó mẹ́fà lórí okùn, ẹni tó gbà á á ti mọ̀ pé ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ *fà* sí òun. Fi okùn rẹ han olùkọ́ rẹ.

Ìbéèrè

Mà, mo ń ka ojú ewé yín lóṣooṣù, àmọ́ ó ń dùn mí. Kí ló dé tí ẹ ń darí àwọn ọmọ wa sí òkè àjèjì? Ṣé Èkìtì kò ní òkè ni? — Ẹni tí inú ń bí, Adó-Èkìtì

Ìdáhùn

Ẹ má bínú. Mo gbọ́ yín, apá kan ọ̀rọ̀ yín sì ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. A ní Olósùnta àti Òrólé ní Ìkéré. A ní Ìkọ̀gọ̀sí, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A ní Àrìńta ní Ìpólé-Ìlórò. Lójú ọ̀nà Oǹdó, Òkè Ìdànrè wà lórí àkójọ ibi tí Nàìjíríà fi síwájú UNESCO láti ọdún 2007, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Gbogbo wọn ni mo ti kọ̀wé nípa wọn lójú ewé yìí, n ó sì tún kọ.

Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn ti ń lọ sí Lima ná. Ṣé kí n sọ fún un pé kó di ojú rẹ̀ ni? Bí n kò bá ki ọwọ́ bọ fèrèsé Pinkuylluna, n kì bá tí rántí àká ìyá mi àgbà, n kì bá sì tí lọ sí Ìjerò lóṣù tí mo dé láti wo ibi tó dúró sí. Mo lọ. Ẹgẹ́ ni wọ́n gbìn síbẹ̀. Ẹyọ igi kan ló kù, akòko ni, tó ti hù padà tó di igi ńlá, okùn àtijọ́ kan sì wà lára èèpo rẹ̀ tí igi náà ti gbé mì dé ìdajì.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan rèé fún yín àti fún gbogbo ẹni tó ń kà mí. Bí àká iṣu bá ṣì dúró lóko bàbá yín, tàbí bí àjà orí ààrò tí wọ́n ń kó àgbàdo sí bá ṣì wà nílé ìyá yín, ẹ wọn gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀, ẹ wo apá tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, ẹ béèrè orúkọ igi tí wọ́n fi ṣe é lọ́wọ́ àgbà tó bá kù, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ni màá tẹ̀ jáde lóṣù tó ń bọ̀.